Ọ̀rọ̀ Tí Limejwa Túmọ̀

Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wá májèlé bọ́ǹbù bẹ̀rẹ̀ sí í ké ta-ta-ta bí iyọ̀ tó bọ́ sínú iná, bí ọ̀gá àwọn àlejò ṣe nà án sí ẹ̀bá ààrò Kanki. Ọ̀gá náà fà á sẹ́yìn, ẹ̀rọ dákẹ́. Ó tún nà án síwájú, ó ké. Lórí ẹ̀yinná, gbẹ̀rẹ́fúùtù ń jinná díẹ̀díẹ̀, òórùn rẹ̀ sì ń fẹ́ lọ sójú ọ̀sà, níbi tí ọkọ̀ ojú omi tó gbé wọn wá láàárọ̀ dúró sí, funfun báláú, bí ẹni pé kò tilẹ̀ kan omi.

“Sọ fún wọn pé kò séwu,” ọ̀gá náà wí fún Limejwa ní èdè tirẹ̀. “Kí wọ́n ṣáà má jẹ alákàn.”

Limejwa ni ògbufọ̀. Ó di ọdún mẹ́ta tí àwọn tó dán bọ́ǹbù wò nítòsí ti dá ará erékùṣù yìí padà sílé, ọdọọdún ni ọkọ̀ náà sì ń wá yẹ̀ wọ́n wò. Ó túmọ̀ ọ̀rọ̀ náà bó ṣe máa ń túmọ̀ rẹ̀, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni ń rẹ ọmọ lẹ́kún.

Kanki, ìyá ọkọ rẹ̀, yí gbẹ̀rẹ́fúùtù kan padà lórí iná. “Bi í, kí ló dé tí wọ́n fi ń ju bọ́ǹbù yẹn gan-an?”

Ọ̀gá náà ní nítorí ààbò ìlú òun ni, pé bọ́ǹbù náà ló ń dá ogun dúró, nítorí àlàáfíà gbogbo ayé.

“Àlàáfíà kẹ̀! Bóyá ó gba ibí kọjá nígbà tí mo wà lẹ́yìnkùlé.” Àwọn obìnrin bú sẹ́rìn-ín. “Ó dáa, ní kó jókòó bá wa jẹun.”

Ọ̀gá náà wo gbẹ̀rẹ́fúùtù, ó wo bàtà ara rẹ̀. Ó ní òun ti jẹun nínú ọkọ̀.

Limejwa lanu láti sọ pé àlejò dúpẹ́, pé ó ti yó. Ojú rẹ̀ bọ́ sára Neibon, ọmọ rẹ̀ obìnrin, tó lóyún oṣù márùn-ún, tó ń fẹ́ gbẹ̀rẹ́fúùtù gbígbóná ọwọ́ rẹ̀ fùù, fùù. Limejwa náà ti lóyún rí, lọ́dún tí wọ́n ju bọ́ǹbù náà, tí oòrùn kan là níwọ̀-oòrùn, tí eérú funfun rọ̀ bí ìyẹ̀fun sórí irun wọn. Wákàtí kan péré ni ọmọ náà fi mí.

“Ó ní òun ò ní jẹ ẹ́,” Limejwa wí. “Ẹ̀rù ń bà á.”

Ẹ̀rín dá. Kanki yíjú sí i. “Ṣé ohun tó sọ nìyẹn?”

“Ohun tó ṣe nìyẹn, Màmá.”

Ọ̀gá náà bi í léèrè ohun tó ń wí. Limejwa gba gbẹ̀rẹ́fúùtù lọ́wọ́ Neibon, ó jù ú sínú iná.

“Lọ di ẹrù ẹ. A máa bá ọkọ̀ yìí lọ sí erékùṣù Májúrò. Bí wọn ò bá gbé wa, màá dùbúlẹ̀ síwájú wọn.”

“Ìgbà wo la máa padà?” Neibon béèrè.

Ọ̀sà ń dán. Àwọn ẹyẹ funfun ń fò lókè rẹ̀ láìdún, gbogbo rẹ̀ tutù, ó rẹwà bí ohun téèyàn rí lójú àlá. Gbogbo “kò séwu” tí ará erékùṣù yìí ti gbọ́ láti ọdún mẹ́ta, ohùn Limejwa ni wọ́n fi gbọ́ ọ.

“Mi ò mọ̀,” ó dáhùn, ó sì yà á lẹ́nu bí ọ̀rọ̀ náà ṣe fúyẹ́ lẹ́nu òun.