Omi Tó Hó Kọjá Ọgọ́rùn-ún

Ní ọdún 1985, nígbà tí ìjọba fòfin de omi èso òkè òkun, Alàgbà Awóyẹmí kó gbogbo ohun tó ní kúrò ní Èkó, ó wá dá ilé-iṣẹ́ omi ọsàn sílẹ̀ nílé, ní Rore. Èmi Sàrátù ni wọ́n fi sídìí táǹkì tí a ti ń se omi ọsàn kí a tó rọ ọ́ sínú ìgò. Ilé-ìwé gbogboniṣe ni mo lọ, mo sì mọ iṣẹ́ mi. Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ìyẹn, nítorí pé fún oṣù kan gbáko kò sẹ́ni tó gbà bẹ́ẹ̀.

Ìgò ló tú wa fó. Tí a bá kó wọn dé Ìlọrin, kò ní ju ọjọ́ mẹ́rin lọ tí wọ́n á fi bẹ̀rẹ̀ sí í ru, tí ìdérí á máa fò. Àwọn oníbàárà dá ẹrù ọkọ̀ kan padà pátá. Omi ọsàn tí kò gbóná tó ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ dé dígírì márùndínláàádọ́rùn-ún kí ohun tó ń mú un kan tó kú. Ta ló ń sè é? Èmi ni. Ta ni Jòhánù, ẹnjiníà wa, sì sọ pé ó ń sùn lẹ́nu iṣẹ́? Èmi náà ni.

"Ẹ wo ìwé tí mò ń kọ ọ́ sí," mo sọ fún ọ̀gá wa, Alàgbà Awóyẹmí. "Márùndínláàádọ́rùn-ún ni lójoojúmọ́."

"Ohun tó bá wù ẹ́ lo ń kọ síbẹ̀," Jòhánù dáhùn.

Ọ̀gá ò gbé ohùn sókè. Ó ní bí ọjọ́ Jímọ̀ bá pé tí mi ò tíì lè sọ ohun tó ń ba omi ọsàn jẹ́, kí n máa lọ sílé. Ó dùn mí wọ eegun. Bàbá mi ti sọ fún gbogbo mọ́sáláṣí pé ọmọ òun obìnrin ló ń darí ẹ̀rọ.

Mo jókòó ti táǹkì náà, mo ro ó. Géèjì kan tí wọ́n ṣe ní Jámánì, tó ń wọn bí nǹkan ṣe gbóná tó, ni wọ́n gbé kọ́ sára rẹ̀, ìrù bàbà géèjì náà wà nínú omi ọsàn. Bí abẹ́rẹ́ rẹ̀ bá ti kan márùndínláàádọ́rùn-ún, fáàfù á pa ọ̀nà ooru tó ń ti bọ́ílà, ẹ̀rọ tó ń se omi di ooru, wá; bó bá lọ sílẹ̀, á tún ṣí i. Fáàfù kì í ronú, ohun tí géèjì bá sọ ló ń ṣe. Ohun tí géèjì bá sọ lèmi náà ń kọ. Òun náà ni Jòhánù ń wò. Gbogbo wa pátá, ẹnu kan ṣoṣo là ń gbọ́. Bí ẹnu yẹn bá wá ń parọ́ ńkọ́?

Nígbà tí mo sọ ọ́ fún Jòhánù, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "Géèjì Jámánì? Ìwọ ará Rore lo fẹ́ kọ́ Jámánì bí wọ́n ṣe ń wọn nǹkan?"

Inú bí mi. Tí inú bá sì bí mi, iṣẹ́ mi máa ń dára sí i.

Láàárọ̀ ọjọ́ Jímọ̀, Àbúdùlàhí, aládùúgbò wa tó ní alùpùpù, gbé mi dé Ọ̀mù-Àrán lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi Àyìsátù tó ń ta omi tútù. Mo dúpẹ́ pé iná wà lóru. Ó fi àpò wé odindi omi dídì kan fún mi. Nígbà tí mo padà dé ilé-iṣẹ́, mo fọ́ ọ sínú korobá, mo gbé ìkòkò omi kaná, mo sì ní kí wọ́n bá mi pe ọ̀gá àti gbogbo òṣìṣẹ́.

"Omi dídì tó bá ń yọ́, orí òdo ló gbọ́dọ̀ wà," mo wí. "Bẹ́ẹ̀ ló rí ní Jámánì, bẹ́ẹ̀ ló rí níbí."

Mo fa ìrù géèjì yọ nínú táǹkì, mo kì í bọ korobá. Abẹ́rẹ́ ń lọ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ó dúró sórí mẹ́jọ, kò sì kúrò níbẹ̀ mọ́. Jòhánù ní omi dídì Ọ̀mù-Àrán ni kò tutù tó. Mo gbé ìrù náà sínú ìkòkò tó ń hó. Abẹ́rẹ́ gòkè, ó dé ọgọ́rùn-ún, ó kọjá rẹ̀, ó dúró sórí ọgọ́rùn-ún ó lé méje.

"Ẹnjiníà," mo wí jẹ́jẹ́, "omi wo ló ń gbóná kọjá ọgọ́rùn-ún nínú ìkòkò tí a ò dé?"

Jòhánù wo abẹ́rẹ́, ó wo ìkòkò, ó wá ń wo ilẹ̀.

"Méje sí mẹ́jọ ló fi ń lé e," mo sọ fún ọ̀gá. "Nígbà tó bá ní a ti dé márùndínláàádọ́rùn-ún, bíi mẹ́tàdínlọ́gọ́rin la ṣì wà, fáàfù á sì ti pa ọ̀nà ooru."

Ọ̀gá wúkọ́. "Èmi ni," ó wí. "Lọ́jọ́ tí àwọn ará Èkó wá ya fọ́tò, mo ṣí gíláàsì rẹ̀ kí n lè nu eruku inú rẹ̀. Abẹ́rẹ́ bọ́ sí mi lọ́wọ́. Ojú ni mo fi wọ̀n ọ́n tí mo fi dá a padà." Ó lè pa á mọ́ra, kò sẹ́ni tí ì bá mọ̀. Ojú gbogbo wa ló ti sọ ọ́, mo sì bọ̀wọ̀ fún un nítorí rẹ̀.

Mo yọ abẹ́rẹ́ náà, mo ti ìrù rẹ̀ bọ omi dídì padà, mo sì tẹ abẹ́rẹ́ mọ́ orí òdo gan-an. Nínú omi tó ń hó, ó ka mọ́kàndínlọ́gọ́rùn-ún, ibi tó yẹ kí omi ti hó ní ìlú tó wà lórí òkè bíi tiwa. Ariwo sọ. A se omi ọsàn lọ́jọ́ náà, a sì to ogún ìgò sórí tábìlì nínú oòrùn fún ọ̀sẹ̀ méjì.

Lọ́jọ́ tó pé, Jòhánù fúnra rẹ̀ ló ṣí àkọ́kọ́. Kò ru, kò kan. Ó mu ún tán, ó nu ẹnu, ó ní, "Sàrátù, jọ̀ọ́, bá mi yẹ géèjì ti bọ́ílà náà wò."

Mo ní kó jẹ́ kí n mu tèmi tán ná. Inú mi dùn gan-an, mi ò sì fi pamọ́ fún ẹnikẹ́ni.