Ìyẹ̀fun Ewéko Òkun

"Ẹ wò ó dáadáa, sà." Kareemat nàka sí ojú kọ̀ǹpútà. "Ẹ̀wọ̀n inú ìyẹ̀fun yìí ti já wẹ́wẹ́. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo yẹ̀ ẹ́ wò láti àárọ̀."

Ọ̀gá Adéwọlé, olórí yàrá àyẹ̀wò ní ilé iṣẹ́ òògùn kan ní Ṣàgámù, yọ awò ojú rẹ̀. Ara ewéko òkun ni wọ́n ti ń fa ìyẹ̀fun náà jáde, òun ni wọ́n sì ń pò mọ́ òògùn ọgbẹ́ inú. Bí ojú bá lè rí inú rẹ̀, ṣe ló so kọ́ra bí ìlẹ̀kẹ̀ tí wọ́n sín gígùn. Gígùn yẹn ló ń mú kí òògùn náà ki, kó sì bo ọgbẹ́. Tó bá ti já, omi dídùn lásán ni aláìsàn ń mu.

"Nígbà tó dé lóṣù mẹ́ta sẹ́yìn ńkọ́?"

"Ó pé, sà. Èmi náà ni mo yẹ̀ ẹ́ wò."

"A jẹ́ pé ilé ìkẹ́rù wa ló ti bà jẹ́. Lọ wádìí, kí o kọ ọ́ sílẹ̀. Orúkọ ẹni tó fà á gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Ẹni náà ń lọ ilé nìyẹn."

Kareemat kọrí sí ibẹ̀. Bàbá Àlímì ló ń tọ́jú ilé ìkẹ́rù. Òun àti bàbá Kareemat ni wọ́n jọ ta obì fún ogún ọdún, òun ló sì fa Kareemat lọ́wọ́ lọ sí ilé kéwú lọ́jọ́ àkọ́kọ́.

Nígbà tí Kareemat ṣílẹ̀kùn, ilẹ̀ tutù. Àpò kòkó tó rin gbingbin ni bàbá náà fi bo àwọn àpò ìyẹ̀fun, ó sì ti tú ẹnu wọn díẹ̀.

"Bàbá, kí lẹ fi omi ṣe níbí?"

"Ọyẹ́ ni, ọmọ mi." Bàbá Àlímì rẹ́rìn-ín. "Wọ́n ní ara ewé ló ti wá. Mi ò jẹ́ kó gbẹ. Àràárọ̀ ni mo ń wọ́n omi sí i, mo sì tú ẹnu rẹ̀ kó lè rí atẹ́gùn. Bí a ṣe ń tọ́jú obì nìyẹn. Bi bàbá rẹ, ọ̀kan kì í bà jẹ́ lọ́wọ́ mi."

Ta ni yóò bá ará Rẹ́mọ jiyàn lórí obì? Àánú bàbá náà ṣe Kareemat. Ó wo ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, ó rí ìwé ìkìlọ̀ tí òun fúnra rẹ̀ lẹ̀ mọ́ ọn pé kí omi má kan ìyẹ̀fun. Gẹ̀ẹ́sì ni gbogbo rẹ̀. Láti kékeré ló sì ti mọ̀ pé Kùránì àti Yorùbá ni Bàbá Àlímì ń kà.

"Ó ti bà jẹ́, Bàbá."

"Gbogbo rẹ̀?"

"Gbogbo rẹ̀. Ọ̀gá ní kí n kọ orúkọ ẹni tó fà á."

Bàbá Àlímì ṣí fìlà, ó jókòó sórí àpótí.

"Kọ orúkọ mi. Má parọ́ nítorí mi. Aláìsàn ló fẹ́ mu ún."

Kareemat padà, ó kọ ọ́ bó ṣe rí: omi, ẹnu àpò tí wọ́n tú, ìyẹ̀fun tí wọ́n gbọ́dọ̀ dà nù. Ó kọ orúkọ Àlímì, ọkàn rẹ̀ sì bà jẹ́. Ó tún kọ orúkọ tirẹ̀ sábẹ́ rẹ̀.

Ọ̀gá Adéwọlé kà á tán, ó gbójú sókè.

"'Èmi Kareemat ni mo fi èdè tí mo mọ̀ pé kò gbọ́ kìlọ̀ fún un.' Kareemat, ṣé o yẹ ohun tí o kọ yìí wò?"

"Ẹ̀ẹ̀mẹta, sà."