Agboòrùn Tó Lẹ̀ Mọ́ra

Ìlà méjì péré ló wà lára káàdì tí Phurin gbé síwájú iṣẹ́ wọn ní kíláàsì yunifásítì, àmọ́ ìlà kejì ló mú inú Kaewta hó bí omi ẹ̀kọ. "Agboòrùn Tó Ń Rí Ìmọ́lẹ̀. Phurin ló ṣe é. Olùrànlọ́wọ́: Kaewta."

Olùrànlọ́wọ́ kẹ̀! Ta ló la ọparun sí eegun méjìlélọ́gbọ̀n? Ta ló lẹ bébà mọ́ ọn títí awọ ìka fi bó? Lóòótọ́, Phurin ló so wáyà, òun ló wá ojú gíláàsì kékeré tó ń rí ìmọ́lẹ̀, òun ló de ẹ̀rọ tó ń fa òwú, kí agboòrùn lè ṣí bí oòrùn bá tàn sí i, kó sì pa dé bí òjìji bá bò ó. Kaewta kò jiyàn ìyẹn. Oṣù mẹ́ta ni àwọn méjèèjì fi ṣe é lábẹ́ ilé olópòó ìyá àgbà Kaewta ní abúlé Bo Sang, níbi tí kò sí ojúlé tí wọn kì í ti í ṣe agboòrùn. Olùkọ́ wọn sì ti là á mọ́lẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ pé ẹni tó ṣe iṣẹ́ ló ni máàkì. Olùrànlọ́wọ́ kò ní nǹkan kan. Bí Kaewta kò bá gba máàkì yìí, ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tí wọ́n fún un tán nìyẹn.

"Ẹ̀gbọ́n Phurin, kí lẹ kọ síbí?"

Phurin rẹ́rìn-ín músẹ́. "Àbúrò, fara balẹ̀. Ààyè ni kò tó lórí káàdì."

"Kò tó fún orúkọ mi lókè, ó wá tó fún 'olùrànlọ́wọ́' nísàlẹ̀?"

"Rọra sọ̀rọ̀. Àwọn èèyàn ń wò wá."

Lọ́dọ̀ tiwọn, ẹni tó jalè lè rójú gbé láwùjọ ju ẹni tó pariwo lọ. Kaewta gbé ọ̀rọ̀ náà mì. Ó sún mọ́ agboòrùn náà, tí kò tóbi ju abọ́ ìfọṣọ lọ. Òórùn òróró tútù tí kò tíì gbẹ gbá a nímú.

"Ẹ tún fi òróró kùn ún?"

"Lánàá, kó lè máa dán. Mo pa á dé, mo gbé e sínú àpò."

Òróró tí wọn kò tíì sá sóòrùn fún ọjọ́ mẹ́ta! Ọmọ ọdún márùn-ún ní Bo Sang mọ̀ pé bébà bẹ́ẹ̀ á lẹ̀ mọ́ra bí ìrẹsì ilẹ̀ wọn tó máa ń lẹ̀ nínú agbọ̀n. Kaewta la ẹnu láti sọ ọ́. Ó tún wo káàdì. Olùrànlọ́wọ́. Ó pa ẹnu dé.

Khamnoi, ìyá àgbà Kaewta, wọlé pẹ̀lú agbọ̀n ìrẹsì rẹ̀, ó jókòó sórí àga akẹ́kọ̀ọ́, àga sì ké. "Ẹ bá mi bẹ̀ ẹ́ o," ló wí. "Ìdí tó bí ọmọ mẹ́jọ ni mo gbé lé e."

Olùkọ́ dé ìdí iṣẹ́ wọn, ó fa aṣọ fèrèsé sẹ́gbẹ̀ẹ́ láti dán an wò. Oòrùn bọ́ sórí agboòrùn. Ẹ̀rọ ń ké bí ẹ̀fọn, òwú le dandan, agboòrùn kò mira.

Phurin yíjú sí olùkọ́. "Tísà, ẹ̀rọ tèmi kò ní àbùkù. Bébà tí àwọn arúgbó abúlé ṣe yẹn ni kò dáa."

Ọwọ́ Ìyá àgbà dúró sínú agbọ̀n.

"Tún un sọ!" Ohùn Kaewta gba gbogbo iyàrá. "Ìwọ lo fi òróró tútù kùn ún, tó o ká a bí ṣòkòtò tí wọn ò tíì sá! Arúgbó tí ò ń bú yìí, ìrẹsì rẹ̀ lo jẹ fóṣù mẹ́ta, orí ẹní rẹ̀ lo sùn, tó ò ń hanrun bí ẹlẹ́dẹ̀!"

Olùkọ́ ní, "Ta ló ni iṣẹ́ yìí?"

"Èmi ni," Phurin dáhùn.

"Ṣí i, nígbà náà."

Phurin fà á. Bébà ya: fàà!

"Fi sílẹ̀!" Kaewta ti dé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. "Kí n tó fọwọ́ kàn án, pa 'olùrànlọ́wọ́' yẹn rẹ́. Kọ orúkọ mi sókè."

Phurin wo olùkọ́. Olùkọ́ ń wo fèrèsé. Phurin pa á rẹ́, ó kọ orúkọ Kaewta sókè.

"Ìyá àgbà, àtíkè yín."

Ìyá àgbà ki ọwọ́ bọ àyà, ó fa agolo àtíkè ooru yọ. "Ọjọ́ pẹ́ tí mo ti ń da eléyìí sábẹ́ ọmú. Mi ò mọ̀ pé yóò wọ yunifásítì kí n tó wọ̀ ọ́."

Kaewta fi ẹ̀rún ọparun la ìṣẹ́po kọ̀ọ̀kan, ó ń fẹ́ àtíkè sí i kó má tún lẹ̀, eegun kan tẹ̀ lé òmíràn, títí ó fi pé méjìlélọ́gbọ̀n. Ìbínú gan-an ni kò jẹ́ kí ọwọ́ rẹ̀ gbọ̀n.

Nígbà tí oòrùn tún bọ́ sí i, agboòrùn ṣí, díẹ̀díẹ̀, àtíkè ń wọ́ sílẹ̀ lára rẹ̀. Oòrùn gba ibi tó ya kọjá, ó sì bọ́ sílẹ̀. Olùkọ́ fi àtẹ́lẹwọ́ bo ojú gíláàsì. Agboòrùn pa dé. Ó gbọ́wọ́ kúrò, agboòrùn ṣí. Olùkọ́ kọ máàkì síwájú orúkọ méjèèjì.

"O ò bá ti pa orúkọ tèmi rẹ́," ni Phurin wí jẹ́jẹ́. "O ṣeun, àbúrò."

"Ìwọ lo so wáyà. Èmi kì í jalè. Mo gbóòórùn òróró yẹn, mo sì dákẹ́. Ẹ̀bi tèmi nìyẹn. Tìẹ wà lára káàdì, gbogbo ayé kà á. Má pè mí ní àbúrò mọ́."

Ìyá àgbà bu ìrẹsì, ó rọ́ ọ, ó nà án sí Phurin.

"Gbà, olùrànlọ́wọ́. Jẹun."

Gbogbo iyàrá bú sẹ́rìn-ín. Kaewta kò rẹ́rìn-ín. Àtíkè ló ń nù kúrò ní imú.