Ẹni Tí Yóò Ka Iṣẹ́ Bàbá

Títí di òní, inú Bàbá Àgbà ṣì ń dùn bó bá jókòó sídìí kọ̀ǹpútà. Òun ló ń kọ ètò kọ̀ǹpútà tí ilé ìwòsàn fi ń pín òògùn fún aláìsàn, ó sì máa ń sọ fún àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ pé kọ̀ǹpútà kò gbọ́n rárá: ohun tí o bá ní kó ṣe ló máa ṣe, kì í ṣe ohun tó wà lọ́kàn rẹ. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ní òfin kan ní ọ́fíìsì wọn, pé iṣẹ́ ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ jáde láìjẹ́ pé ẹlòmíì ti kà á. Ẹni tó ń la ọ̀nà kì í kúkú mọ̀ pé ẹ̀yìn òun ń wọ́.

Òfin dára, ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ wojú àgbà kó ní ó ṣì í? Bí Bàbá bá ti fi iṣẹ́ ránṣẹ́ báyìí, kó tó mu omi tán, wọ́n á ti fèsì pé, "Ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ, sà." Wọ́n rò pé ọ̀wọ̀ làwọn ń bù fún un. Irú ọ̀wọ̀ yẹn lè ṣekú pa aláìsàn. Ẹ̀rù ń ba Bàbá, torí ìparí ọdún ni yóò fẹ̀yìn tì, kò sì tíì rí ẹni tí yóò fi iṣẹ́ náà lé lọ́wọ́.

Ló bá dẹ pańpẹ́. Nínú ètò tuntun tó ń kọ lọ́wọ́, ó mọ̀ọ́mọ̀ kọ ibì kan gbòdì, tó fi jẹ́ pé aláìsàn tó bá ṣíwájú lórí ìlà ni ètò náà yóò fò. Ó fi í ránṣẹ́ sí gbogbo wọn. "Ẹ kú iṣẹ́, sà" ń wọlé tẹ̀léra tẹ̀léra. Obìnrin kan ṣoṣo, tí wọ́n ń pè ní Ìyàwó torí pé òun ló dé kẹ́yìn, ni kò fèsì. Nígbà tó di ọ̀sán, ó wá síwájú tábìlì Bàbá, ó ní kí wọ́n má bínú, òun rí àṣìṣe méjì.

Méjì kẹ̀? Ẹyọ kan ni Bàbá dẹ.

Ó kọ́kọ́ tọ́ka sí ti pańpẹ́. Lẹ́yìn náà ó ní, "Orúkọ ìdílé àti ọjọ́ ìbí lẹ fi ń dá aláìsàn mọ̀, sà. Tí wọ́n bá gbé ìbejì wá ńkọ́? Ẹnì kan á lo òògùn ẹni méjì, èkejì ò ní rí kankan lò. Ìbejì lèmi fúnra mi, ìyẹn ló jẹ́ kí n rí i."

Bàbá tún ibẹ̀ kà. Òótọ́ ni. Ó jẹ́wọ́ fún gbogbo ọ́fíìsì pé òun dán wọn wò ni. Ìyàwó bá béèrè pé, "Ṣé méjèèjì lẹ fi dán wa wò, sà?"

Ẹnu yún Bàbá láti ní bẹ́ẹ̀ ni. Ta ni yóò mọ̀ pé irọ́ ni? Gbogbo wọn ló ṣe tán láti gbà á gbọ́. Ṣùgbọ́n bó ti ń wo ọmọbìnrin yìí, inú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dùn bíi ti ẹni tó gbé ẹrù rìn jìnnà, tó wá rí ẹni bá a sọ̀ ọ́ kalẹ̀.

"Ọ̀kan ni mo fi dán yín wò," ó wí. "Èkejì, mo ṣì í ṣe ni. O ṣeun, ọmọ mi."

Nígbà tó ṣe, àwọn tó ti kí i kú iṣẹ́ láàárọ̀ tún ṣí iṣẹ́ Bàbá lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kà á.