Igi Ọ̀pọ̀tọ́ Maysa

Ènìyàn mẹ́rìnlá, ilé ìwẹ̀ kan ṣoṣo. Bí ọ̀rọ̀ ṣe rí nílé Afife nìyẹn láti ọjọ́ tí àwọn ọmọ rẹ̀ ti gun òkè wá sí abúlé rẹ̀ fún ìsinmi oṣù kẹjọ. Ghaleb, àkọ́bí rẹ̀, kó ìyàwó àti ọmọ márùn-ún wá láti Bẹ́írúùtù, ó sì tún gbé ìyá ìyàwó rẹ̀ tí ẹnikẹ́ni ò pè dání. Siham kó ọkọ àti ọmọ mẹ́ta dé láti Kánádà. Ó ti tó ọdún méje tí gbogbo wọn ti pé jọ bẹ́ẹ̀ gbẹ̀yìn. Tìmùtìmù kún ilẹ̀ débi pé ẹni tó bá fẹ́ mumi lóru gbọ́dọ̀ máa fò bí ewúrẹ́. Inú Afife dùn, ó dùn débi pé ẹ̀rù ń bà á. Láràárọ̀ ló ń ka orí wọn bí ẹni ń ka adìyẹ.

Ọjọ́ kẹta ni Ghaleb jókòó tì í nídìí kọfí. "Màmá, èyí ò ṣeé ṣe mọ́ o. Ẹsẹ̀ ìyá ìyàwó mi ló wà láyà mi mọ́jú. Ẹ jẹ́ ká gé igi ọ̀pọ̀tọ́ ẹ̀yìnkùlé yìí, ká kọ́ yàrá méjì síbẹ̀. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, hòtẹ́ẹ̀lì ìsàlẹ̀ yẹn la máa wọ̀ lọ́dún tó ń bọ̀."

Afife mọ àwọn tó ń wọ hòtẹ́ẹ̀lì dáadáa. Wọ́n á yà kí ìyá wọn fún wákàtí kan, wọ́n á máa wo aago, wọ́n á sì lọ. Tó bá yá, wọn ò ní wá mọ́ rárá. Lóòótọ́, abẹ́ igi náà ló ti máa ń lọ sunkún nígbà tó jẹ́ ìyàwó tuntun tí ìyá ọkọ ò jẹ́ kó gbádùn, abẹ́ rẹ̀ náà ló sì ti rẹ àwọn ọmọ rẹ̀ sùn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ṣùgbọ́n igi kì í ṣe ọmọ.

"Ẹ gé e," ló wí. Ó wọ ilé ìdáná lọ, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í gé alùbọ́sà tí kò sí ọbẹ̀ tó fẹ́ fi í sè.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ó jókòó sábẹ́ igi náà, Maysa wà lórí itan rẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni Maysa, àbígbẹ̀yìn Siham, omi ọ̀pọ̀tọ́ sì ti ṣàn dé ìgúnpá rẹ̀. Ọmọ náà gbójú sókè wo àwọn ẹ̀ka.

"Teta, igi yín yìí mà rẹwà o." Teta ni gbogbo ọmọ ilé ń pe ìyá àgbà.

"Tìẹ ni, ẹyinjú mi. Mo ti fún ẹ."

Ẹnu ló gbé e jáde. Lórí òkè yẹn, bí o bá yin nǹkan onínǹkan, ì báà jẹ́ ago, ì báà jẹ́ mọ́tò, ẹni tó ni ín yóò ní tìrẹ ni, ìwọ náà yóò ní kí Ọlọ́run jẹ́ kó lò ó pẹ́, ibẹ̀ lọ̀rọ̀ parí sí. Aláìnítìjú nìkan ló ń gbà á. Afife ti fún àwọn aládùúgbò ní ilé yìí tó ìgbà ọgọ́rùn-ún, ẹnì kan ò sì tíì kó ẹrù dé.

Ṣùgbọ́n níbi tí Maysa ti dàgbà, tí wọ́n bá fún ẹ ní nǹkan, o gbà á nìyẹn. "Ẹ ṣé o, Teta!" Ó fò sílẹ̀, ó sáré wọlé. "Teta ti fún mi nígi! Odidi!"

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí kọfí fi dà sórí aṣọ tábìlì. Kó tó dìrọ̀lẹ́, ó ti so ríbọ́ọ̀nù mọ́ ẹ̀ka kan, ó sì ti ń ṣòfin. "Rabih, o ò lè gùn ún báyìí. Igi mi ń sinmi."

Rabih, ọmọ Ghaleb tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́jọ, sáré lọ fẹjọ́ sùn. Bàbá rẹ̀ ní, "Jẹ́ kó máa ṣe ọ̀gá ẹ̀. Ọ̀túnla ni agégi ń bọ̀." Afife gbọ́. Òun náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò dé inú. Gbogbo ilé sì wá ń kọ́ Maysa ní ìdáhùn tó yẹ kéèyàn fọ̀ tí wọ́n bá yin nǹkan ẹni.

Nígbà tí Bàbá Tannous agégi gbé ayùn ẹlẹ́ńjìnnì rẹ̀ dé láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀, ó bá ọmọdé kan nínú aṣọ oorun tó dì mọ́ igi náà.

"Ẹ káàárọ̀ sà. Igi mi nìyí."

Bàbá Tannous yíjú sí Ghaleb. "Ẹ ò sọ fún mi pé igi onígi ni o."

"Maysa, kúrò níbẹ̀," ni Ghaleb, ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ tó ń pè ní Khalo, wí. "Teta kàn sọ ọ́ ni. Bí a ṣe ń sọ̀rọ̀ níbí nìyẹn."

Ọmọ náà yíjú sí ìyá àgbà. "Teta, ṣé ẹ purọ́ fún mi ni?"

Gbogbo wọn ti jáde, Siham mú búrẹ́dì lọ́wọ́. Afife jókòó sórí àtẹ̀gùn. Bó bá ní irọ́ ni, ohun tí ọmọ yìí máa gbé lọ sí Kánádà nípa ìyá ìyá rẹ̀ nìyẹn. Bó bá ní òótọ́ ni, hòtẹ́ẹ̀lì ló kù.

"Mi ò purọ́," ló wí. "Tìẹ ni."

"Ẹ̀yin náà lẹ ní ká gé e, Màmá!" Ghaleb mí kanlẹ̀. Ó wá rẹ́rìn-ín músẹ́ bí ẹni tó rọ́gbọ́n dá, ó sì lóṣòó síwájú ọmọ náà. "Ó dáa. Ìwọ lonígi. Maysa, igi ẹ yìí mà rẹwà o! Kò sírú ẹ̀."

Ọmọ náà mọ èsì rẹ̀. Ó wo igi, ó wo Teta.

"Tiyín ni, Khalo. Mo ti fún yín." Omijé bọ́ sórí aṣọ rẹ̀.

Bàbá Tannous ń wò. Kó tó dọ̀sán, gbogbo abúlé ló máa gbọ́. Ghaleb la ẹnu láti dúpẹ́, ṣùgbọ́n ọdún márùndínláàádọ́ta tí wọ́n fi kọ́ ọ nílé ló jáde lẹ́nu rẹ̀: "Rárá o, kí Ọlọ́run jẹ́ kí o lò ó pẹ́."

Bó ṣe gbọ́ pé òun fúnra rẹ̀ ti dá igi padà, ó gbé ọwọ́ lérí.

"Ìyá Ghaleb, ẹ kọ́ wọn re!" Bàbá Tannous ń rẹ́rìn-ín títí ìhà fi ń dùn ún. "Ẹ fún mi ní kọfí, kí n máa lọ."

Gbogbo ènìyàn rẹ́rìn-ín àfi Afife.

"Kí ló tún kù, Màmá? Ẹ ti borí," ni Ghaleb wí.

"Ṣé hòtẹ́ẹ̀lì lẹ máa wá wọ̀ lọ́dún tó ń bọ̀?"

"Hòtẹ́ẹ̀lì wo?"

"Èyí tó o sọ. Torí ẹ̀ ni mo ṣe ní kẹ́ ẹ gé e. Ẹ̀rù bà mí, Ghaleb. Ọdún méje ni mo fi retí yín. Ká ní ọwọ́ mi lo fẹ́ gé ni, màá nà án sí ẹ."

Ghaleb wò ó. "Màmá, mo kàn sọ ọ́ ni."

Afife wo ọkùnrin tó ti ń hu ewú nírùngbọ̀n yìí. Ó bọ́ sálúbàtà ẹsẹ̀ rẹ̀ kan, ó jù ú, ó sì bà á létí gbáà. Àwọn ọmọdé hó yèè. Ghaleb ṣa bàtà náà nílẹ̀, ó gbé e wá, ó kúnlẹ̀, ó sì fi wọ̀ ọ́ lẹ́sẹ̀. Lẹ́yìn náà ló gbé orí lé ìyá rẹ̀ lẹ́sẹ̀, ó sì pẹ́ kó tó gbé e kúrò níbẹ̀.