Ìborùn Nínú Ẹ̀ẹ̀rùn

Àgbàlá wa ni, àmọ́ kì í ṣe àgbàlá wa. Mo dá ògiri mọ̀, mo dá àmù mọ̀, ṣùgbọ́n òjò ń rọ̀ lápá ibi tí a ti ń dáná, ọyẹ́ ṣú bo ìdí igi ọsàn, oòrùn ẹ̀ẹ̀rùn sì ń jó ilẹ̀ tó wà láàárín wọn. Gbogbo ìgbà inú ọdún ló péjọ sójú kan. Ìborùn kún orí okùn tí a ń sá aṣọ sí. Kò sí atẹ́gùn, síbẹ̀ wọ́n ń mì. Mi ò bẹ̀rù. Inú ló ń bí mi.

Inú ti ń bí mi kí n tó sùn. Oorun ọ̀sán ni, lórí ẹní, lẹ́yìn tí àbúrò mi obìnrin, Ìyá Ọ̀jẹ́wùmí, wá bá mi jà nítorí síkáàfù dúdú tó wà lórí mi.

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé opó ni yín ni? Ta ló kọ́ yín pé ìyá ń fi dúdú ṣọ̀fọ̀ ọmọ? Ọdún ti yí po. Ẹ tú u, kí ẹ má baà fi pe ọ̀fọ̀ mìíràn wá."

Mo ní kó máa gbé ẹnu rẹ̀ lọ sílé ọkọ rẹ̀. Mo ní n kò ní í tú u, àfi bí Dúrósinmí bá fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ìdí tó fi fi àìsàn pa mọ́ fún mi.

Ó ní, "Ṣé òkú ń sọ̀rọ̀ ni?"

Mo ní, "Kó yáa kọ́ ọ."

Ọmọ mi obìnrin ni Dúrósinmí. Mẹ́ta ló ti wá tó ti padà kí òun tó dé. Ìdí nìyẹn tí mo fi sọ ọ́ bẹ́ẹ̀: kó dúró, kó sin mí. Ó dúró lóòótọ́. Ó dàgbà, ó bí Ìbídùn tó ń gbé lọ́dọ̀ mi báyìí. Àfi bí nǹkan ṣe wú sí i lọ́rùn, tí ẹnikẹ́ni ò rí i. Nígbà òjò, ó wé ìborùn aláràbarà kan tó fẹ́lẹ́, ó ní òun ò fẹ́ kí òtútù mú òun lọ́fun. Nígbà ọyẹ́, ó wé òfì tó nípọn, mo ní ó tọ́ bẹ́ẹ̀, torí ọyẹ́ Ìgbájọ a máa la ètè ènìyàn. Nígbà tó wá di ẹ̀ẹ̀rùn, tí ewúrẹ́ pàápàá ń wá ibòji, ó tún wé funfun.

Mo ní, "Dúró, nínú ooru yìí?"

Ó ní, "Màmá, oge ni."

Oge! Àwọn obìnrin àdúgbò bẹ̀rẹ̀ sí í wé tiwọn náà, wọ́n ní àṣà tuntun ló dé. Ìgbà tí n óò fi gbọ́, ó ti wà ní ọsibítù. Wọ́n ní kí n má wá. Nígbà tó kú, wọ́n ní ìyá kì í fojú kan sàárè ọmọ. Ìborùn ni mo rí. N kò rí ọrùn.

Lójú oorun ọ̀hún, òun ló yọ láàárín ìborùn orí okùn wọ̀nyẹn, gèlè kan lápá rẹ̀, ìborùn funfun lọ́rùn rẹ̀.

"Màmá, ẹ jókòó. Èjìká yín ò ní í jẹ́ kí ẹ lè wé e."

Láti ọjọ́ tí èjìká mi ọ̀tún ti kọ̀ tí kò gbé sókè mọ́, òun ló ń wé gèlè fún mi. N kò fẹ́ jókòó, ìdí mi ló dá jókòó. Ó bọ́ sẹ́yìn mi, ó gbọn gèlè, ó ṣẹ́ ẹ létí. Ọwọ́ rẹ̀ tutù bí ìdí àmù.

"Kí lo wá ṣe?"

"Mo wá wé e ni."

"Ìwọ tí mo bí kó o sin mí, tó o ní kí n kọ́kọ́ sin ọ́!"

"Màmá, ẹ fi orí sójú kan. Ẹ ń mi orí bí alángbá."

"Ìyá rẹ ni alángbá!"

Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ẹ̀yin náà nìyẹn."

Ni mo bá yí padà, mo gbá ìborùn ọrùn rẹ̀ mú, mo fà á. Funfun bọ́, aláràbarà wà lábẹ́ rẹ̀. Mo fa ìyẹn, òfì ló kàn. Mo fa òfì, funfun tún yọ. Mo ń tú, mo ń jù ú sílẹ̀, ó mù mí dé orúnkún.

"Jẹ́ kí n rí i! Omi ọmú mi ló gba ibẹ̀ kọjá! Ta ni ọ́ tí wàá fi ọrùn tí mo bí pa mọ́ fún mi?"

Kò bá mi fà á. Ó kàn di ọwọ́ mi mú. "Ó tó, Màmá."

"Kí ló dé tí o kò sọ fún mi?"

Òjò ọ̀hún dá.

"Orúkọ mi ni."

"Kí ni orúkọ rẹ ṣe?"

"Ojoojúmọ́ ni ẹ ń pè mí pé kí n dúró, kí n sin yín. Ẹ fẹ́ iyọ̀, ẹ bẹ̀ mí. Ẹ fẹ́ kí n gbálẹ̀, ẹ bẹ̀ mí. Ẹnu wo ni n bá fi dá yín lóhùn pé mi ò lè ṣe é mọ́?" Ó padà sẹ́yìn mi, ó ń fa gèlè le. "Ẹ pè mí ní èyí tí kò bẹ̀ mí ní nǹkan kan."

Mo mọ èyí tó ń wí. Oríkì tí ìyá mi fún un níjọ́ tí a kó o jáde ni. N kò fi pè é mọ́ látìgbà tó ti ń rìn. Mo di ẹnu mi pinpin, torí mo mọ̀ pé bí mo bá pè é, mo ti jọ̀wọ́ rẹ̀ nìyẹn. Ó wá síwájú mi, ó wo gèlè náà, ó tún etí rẹ̀ kan ṣe, ó sì dúró bí ọmọ tó ń retí kí wọ́n ní kó máa lọ.

N kò pè é. Mo lajú.

Òógùn ti bò mí. Síkáàfù dúdú ti lẹ̀ mọ́ mi lórí. Ìbídùn ń bó ẹ̀gúsí lẹ́nu ọ̀nà.

"Màmá àgbà, ẹ ń bá ẹnì kan jà lójú oorun."

"Ṣé mo borí?"

"Ó dà bíi pé ẹ ò borí o."

"Wá tú nǹkan yìí lórí mi."

Ó kọ́kọ́ wò mí bóyá àwàdà ni. Ó tú u. "Ṣé kí n mú òmíràn wá?"

"Nínú ooru yìí? Orí mi kì í ṣe ìkòkò tí wọ́n ń dé."

Atẹ́gùn kan irun funfun mi. Inú ṣì ń bí mi o. Inú ń bí mi sí ikú, inú ń bí mi sí àwọn tó dí ọ̀nà sàárè mọ́ mi. Kì í sì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ kí ìyá bẹ ọmọ kó dúró. Bí mo bá tún bí i lónìí, màá tún bẹ̀ ẹ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó ti ń gbọ́ ẹ̀bẹ̀ láti kékeré, tó sì dúró títí agbára fi tán, ó yẹ kó simi.

Mo kọjú sí àgbàlá. Mo fi ohùn tí mo fi ń pe ọmọ tó bá ṣẹ̀ mí pariwo:

"Àwẹ̀ró!"

Ìbídùn ju ẹ̀gúsí ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. "Màmá àgbà, ta nìyẹn?"

"Ìyá rẹ ni. Jókòó. Mi ò rán an níṣẹ́ kankan."