Àwọn Lẹ́tà Tó Dá Dúró

"Ta ló ṣe èyí?"

Àfáà Àbdùlàhí gbé ìwé ẹ̀rí kan sókè síbi tí ìmọ́lẹ̀ ti ń gba ojú fèrèsé ilé kéwú wọlé. Ó yí i sọ́tùn-ún, ó yí i sósì, bí ẹni tí wọ́n fún lówó tí kò dá a lójú.

Làtíífàt, tó ni ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà lọ́nà Pákò, dáhùn láti ibi tó kúnlẹ̀ sí. "Èmi ni, Àfáà. Fọ́ǹtì tuntun ni mo fi ṣe é."

Ó tiẹ̀ rẹ́rìn-ín músẹ́ bó ṣe ń sọ ọ́, nítorí ó rò pé ìyìn ló ń bọ̀. Ọjọ́ Ẹtì nìyẹn, wòlímọ̀ àwọn ọmọ tó ń parí ẹ̀kọ́ kéwú di ọjọ́ Àìkú, Àfáà Àbdùlàhí sì ti Ẹ̀rúwà wá nítorí òun ni yóò ṣe wáàsí lọ́jọ́ náà. Òun kan náà ló fi ọ̀rọ̀ kéwú tí wọ́n máa tẹ̀ sórí ìwé ẹ̀rí ránṣẹ́ sórí fóònù Làtíífàt lọ́sẹ̀ tó kọjá: bísímíláì, lẹ́yìn rẹ̀ ìlà kan ṣoṣo, níbi tí Ọlọ́run ti sọ pé òun yóò gbé àwọn tí a fún ní ìmọ̀ ga.

Ọ̀rọ̀ náà dé láìsí àbùkù kankan. Làtíífàt ni kò tẹ́ lọ́rùn. Nígbà tó gbé e sínú kọ̀ǹpútà, ó rí i pé ó tín-ín-rín bí ẹsẹ̀ èèrà, bẹ́ẹ̀ ó ti rí ìwé ẹ̀rí kan tí wọ́n ṣe ní Ìbàdàn tí lẹ́tà rẹ̀ ki, tó sì kún ojú. Ó ní ti Ìgbó-Ọrà kò ní kéré sí ti Ìbàdàn. Ló bá wá fọ́ǹtì ọ̀fẹ́ kan, irú ojú lẹ́tà mìíràn fún kọ̀ǹpútà, lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ó gbà á sórí fóònù, ó fi wáyà gbé e sínú kọ̀ǹpútà, ó sì fi í sí àárín àwọn fọ́ǹtì yòókù. Kò kọ́kọ́ yọjú. Ìgbà tó pa ibi tó ti ń kọ̀wé dé, tó tún un ṣí, ni orúkọ rẹ̀ tó hàn. Ó mú un, lẹ́tà ki lóòótọ́, wọ́n sì dára lójú, ló bá tẹ gbogbo rẹ̀ sórí páálí líle.

"Ẹ wò ó," Àfáà Àbdùlàhí ní. "Kò sí lẹ́tà kan níbí tó di èkejì rẹ̀ mú. Báù dá dúró, lámù dá dúró, mímù náà dá dúró tirẹ̀. Fọ́ǹtì yín kò mọ bí wọ́n ṣe ń so lẹ́tà kéwú pọ̀. Àfi ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ lórí wàláà ló ń kọ báyìí." Ó gbé páálí náà sílẹ̀. Kì í ṣe ẹni tó ń fi èèyàn ṣẹ̀sín, ó kàn ń béèrè ohun tí kò yé e ni. "Ẹni tó bá lè ka kéwú, ojú ẹsẹ̀ ló máa rí i. Ẹ̀yin náà sì ti ṣe wòlímọ̀, Ìyá Mùnírátù. Báwo ni ẹ ò ṣe rí i?"

Làtíífàt, tó bí Mùnírátù, wo páálí náà. Ó rí i pé wọ́n dá dúró o. Ó rò pé oge ni.

Àfáà Àkíbù, àgbà tó ni ilé kéwú náà, ló gba ọ̀rọ̀ sọ láti orí ẹní rẹ̀. "Èmi ni kí ẹ bá wí. Ó gbé e wá kí n wò ó kó tó tẹ̀ ẹ́. Ojú mi yìí ni kò jẹ́ kí n rí i."

Kì í ṣe gbogbo òtítọ́ ni bàbá náà sọ, Làtíífàt sì mọ̀. Lóòótọ́ ló gbé ẹyọ kan wá kó tó tẹ ìyókù. Bàbá mú páálí náà súnmọ́ imú, ó mi orí, ó sì béèrè pé, "Ṣé o kà á dáadáa?" Òun sì fi ẹnu ara rẹ̀ dáhùn pé, "Mo kà á, Àfáà. Ó pé." Ní báyìí tí arúgbó ń gba ẹ̀bi tí kì í ṣe tirẹ̀ níwájú àlejò, ó ṣe Làtíífàt bíi kí ilẹ̀ lanu kó gbé òun mì.

"A óò tún un ṣe," ló rí sọ. Ó kó àwọn páálí náà jọ, ó dojú wọn dé àyà, ó jáde.

Ṣé ẹ rí i, ẹni tí kò mọ̀wé tó sì sọ pé òun kò mọ̀wé, ojú lè tì í díẹ̀, yóò tán. Ti Làtíífàt kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ti wọ aṣọ funfun rí lọ́jọ́ wòlímọ̀ tirẹ̀, ó ti jókòó lórí àga níwájú gbogbo àdúgbò, ó ti ka Yásíìn, orí kan nínú Kùránì, ketekete tí ìyá rẹ̀ fi bú sẹ́kún ayọ̀, tí àwọn èèyàn ń lẹ owó mọ́ ọn níwájú orí. Ẹnu ló fi kà á, kì í ṣe ojú. Ó mọ álífù, ó mọ báù, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n dé ibi tí lẹ́tà ti ń so mọ́ ara wọn, tí ojú wọn ń yí padà, ó sọnù, ó sì rí i pé bí òun bá ti gbọ́ ohun tí àwọn ẹgbẹ́ òun ń kà, òun lè há a sórí. Kò sẹ́ni tó bi í léèrè. Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Òótọ́ ni wọ́n sọ.

Nígbà tó dé ṣọ́ọ̀bù, ó yọ fọ́ǹtì burúkú náà kúrò, ó wá òmíràn tí àwọn èèyàn yìn pé ó ń so lẹ́tà kéwú bó ṣe yẹ. Ó fi sínú kọ̀ǹpútà, ó tẹ ẹyọ kan sórí ìwé lásán. Lẹ́tà náà di ara wọn mú lọ́tẹ̀ yìí. Ṣùgbọ́n ta ni yóò sọ fún un pé ó pé? Ó lè ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí Àfáà Àbdùlàhí, àmọ́ ojú ń tì í láti pe ọkùnrin náà lọ́jọ́ yẹn. Ó bá pe Mùnírátù, ọmọ rẹ̀ obìnrin, tó ń bẹ lára àwọn tó fẹ́ ṣe wòlímọ̀ lọ́jọ́ Àìkú.

"Bá mi ka èyí."

Mùnírátù gba ìwé náà. Ó rí bísímíláì, ó kà á, kò sì dúró. "Yásíìn," ó ní, ó ń bá a lọ geerege, ohùn rẹ̀ ń dùn bí ó ṣe máa ń dùn. Ìlà kan ṣoṣo ló tẹ̀lé bísímíláì nínú ìwé ọwọ́ rẹ̀. Ó ti ka ohun tó tó ojú ewé kan.

Làtíífàt mọ Yásíìn dunjú; ó mọ̀ pé òun kọ́ ló wà níbẹ̀. Ó jẹ́ kó kà á títí, nítorí kò mọ ibi tí yóò ti dá a dúró. Lẹ́yìn náà ó fi ìka tọ́ka sí ọ̀rọ̀ kan láàárín ìlà náà.

"Èyí ńkọ́?"

Ọmọ náà wò ó. Ó wo ìyá rẹ̀. Ó tún wo ilẹ̀.

"Ẹ má sọ fún Àfáà, ẹ jọ̀ọ́, mọ́mì," ó ní jẹ́jẹ́. "Mo mọ Yásíìn tán pátápátá. Kò sẹ́ni tó máa mọ̀."

Bó bá jẹ́ ẹlòmíràn ni Làtíífàt gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí lẹ́nu rẹ̀, ì bá gbá a létí. Ó jókòó. Inú ń bí i sí ara rẹ̀, torí ó ti tó ọdún mélòó kan tí òun ti ń gbọ́ ọmọ yìí tó ń ka kéwú nínú yàrá, tí òun ń bá a ṣe àmín, láìmọ̀ pé kò mọ ohun tó wà nínú ìwé. Báwo lòun ì bá ṣe mọ̀?

"Wọ hìjáàbù ẹ," ó ní. "À ń lọ sílé Àfáà."

Àlejò ti lọ nígbà tí wọ́n débẹ̀, Àfáà Àkíbù nìkan ló kù. Làtíífàt kúnlẹ̀, ọmọ rẹ̀ kúnlẹ̀ tì í.

"Àfáà, mo parọ́ fún yín lọ́jọ́sí. Mi ò ka ìwé yẹn. Mi ò lè kà á. Mi ò lè kà á láti ọjọ́ tí ẹ ti gbé mi jáde."

"Mo mọ̀," ó ní.

"Ẹ mọ̀?"

"Ìyá rẹ ti ra àgbò wòlímọ̀ rẹ. Gbogbo ẹgbẹ́ rẹ ló ń jáde. Mo ní tí n bá dá ọ dúró, ojú á tì ọ́, wàá sá fún kéwú." Ó nu ojú rẹ̀ tó ń ṣomi. "Nígbà tí mo bi ọ́ bóyá o kà á, mo mọ ohun tí mò ń bi ọ́. Mo rò pé bóyá o ti kọ́ ọ níbòmíràn. Ojú tì mí ju bó ṣe tì ọ́ lọ, Làtíífàt."

Làtíífàt tẹ orí ba. Ó ní, "Ẹ yọ Mùnírátù kúrò lára àwọn tọjọ́ Àìkú. Òun náà kò lè kà á."

Mùnírátù bú sẹ́kún. Bàbá wo ọmọ náà pẹ́, ó wo ìyá rẹ̀. "Ẹ ti pe èèyàn. Kí la máa sọ fún wọn?"

"Èmi ni màá sọ ọ́, Àfáà. Lọ́jọ́ Ajé, àwa méjèèjì máa wá jókòó síwájú yín."

Wọn ò tíì rìn jìnnà tí Ìyá Tómilọ́lá tó ń ránṣọ fi rí wọn láti ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Obìnrin méjì ń dúró de aṣọ tiwọn lórí bẹ́ǹṣì.

"Ìyá Mùnírátù, ẹ kú ìmúra o. Aṣọ ọmọ ti jáde. Ó yá, kó wá wọ̀ ọ́ wò."

Ọ̀rọ̀ pé ibà ń ṣe ọmọ ti wà lẹ́nu Làtíífàt ná. Irọ́ ibà dára, kò sẹ́ni tó ń bá ibà jà. Ó di ọwọ́ Mùnírátù mú.

"Ẹ bá wa fi pamọ́," ó ní. "Kò ṣe wòlímọ̀ mọ́ lọ́dún yìí."

"Kí ló dé? Ṣé ara rẹ̀ kò yá ni?"

"Ara rẹ̀ le. Kò tíì mọ kéwú kà ni." Àwọn tó wà lórí bẹ́ǹṣì ti gbójú sókè. "Èmi tí mo ti ṣe tèmi, mi ò mọ̀ ọ́n kà. A jọ ń padà sílé kéwú ni."

Ìyá Tómilọ́lá wò ó, ó wo ọmọ náà tí ojú rẹ̀ ti wú. Ó wọlé, ó mú aṣọ funfun náà wá, ó yí inú rẹ̀ síta, ó fi ìka wọn etí rẹ̀.

"Ó ku aṣọ díẹ̀ tí a ká sínú níbí," ó ní. "Bó bá ga sí i, a óò tú u."

Ojú ṣì ń ti Làtíífàt, etí rẹ̀ gbóná, ó sì mọ̀ pé kí ilẹ̀ tó ṣú, gbogbo Pákò yóò ti gbọ́. Síbẹ̀ kò lọ. Ó dúró, ó sì béèrè bóyá etí aṣọ náà, bí wọ́n bá tú u, á ṣì gba ọmọ náà lẹ́yìn ọdún méjì.